Ẹ Bi Ìyá Tíṣà: Ọyẹ́, Íntáháòsì, àti Ọgọ́rùn-ún Ẹ̀wà ní Chicago

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Lẹ́tà yín pọ̀ lóṣù yìí, fóònù mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ̀ǹgẹ́. Mo mọ ohun tó fà á. Èrèlé ti ń parí lọ, táàmù kejì ti mú gbogbo wa lọ́rùn, ọyẹ́ tó yẹ kó ti dágbére ò lọ, ooru tó yẹ kó dúró díẹ̀ ti wọlé, àwọn méjèèjì wá jọ ń gbé ilé kan náà níbí ní Ìkòròdú, àárọ̀ ẹ wọ swẹ́tà fọ́mọ, ọ̀sán ọmọ so swẹ́tà mọ́ ìdí, ìrọ̀lẹ́ swẹ́tà ti sọnù sí súkúù. Mi ò lè dá gbogbo yín lóhùn. Àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn jọ ti ọ̀pọ̀ èèyàn ni mo mú.

*Ìyá Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ mi obìnrin wà ní Chicago, ọmọ ẹ̀ ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún méje. Ó pè mí lórí WhatsApp, ó ní òun ń wá nǹkan ọgọ́rùn-ún tí òun máa gbé lọ súkúù ní ọjọ́ ọgọ́rùn-ún. Mo ní irú ètùtù wo nìyẹn? Ìyá ẹ̀ kàn ń rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ wọ́n tún ní ó ń kọ lẹ́tà ìfẹ́ fún gbogbo ọmọ kíláàsì ẹ̀, ọmọ ọdún méje! Wọ́n tún ní ẹranko kan wà tó ń sọ fún wọn bóyá òtútù ti fẹ́ lọ. Ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò, ṣé súkúù lọmọ yìí ń lọ àbí ilé awo? Aago mélòó ni kí n sì máa pè é, torí ìgbàkígbà tí mo bá pè wọ́n á ní ó ń sùn tàbí ó wà ní kíláàsì. Ẹja ni mo tà l'ọ́jà Olúwo tí mo fi tọ́ wọn, mi ò kàwé, ọmọ aládùúgbò ló ń bá mi tẹ èyí. — Ìyá Àgbà, Ẹ̀pẹ́*

Màmá wa, mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ẹ fọkàn balẹ̀, kì í ṣe ètùtù, ìṣirò ni.

L'Ámẹ́ríkà, nǹkan bí ọjọ́ 180 lọmọ fi ń lọ súkúù lọ́dún kan, bí wọ́n bá sì ti wọlé ní ìparí oṣù kẹjọ, tí ẹ yọ Sátidé àti Sọ́ńdè àti ọlidé Kérésì kúrò, ọjọ́ ọgọ́rùn-ún máa ń bọ́ sí oṣù Èrèlé. Ní kíláàsì àwọn ọmọ kéékèèké, láti ọjọ́ tí wọ́n ti wọlé ni tíṣà ti ń kà á, lójoojúmọ́ wọ́n á fi strọ́ọ̀ kan, irú èyí tí a fi ń mu mínírà, sínú ike, tó bá pé mẹ́wàá wọ́n á fi rọ́bà dì í pọ̀, wọ́n á gbé e sínú ike kejì. Ọjọ́ tí ìdì mẹ́wàá bá pé mẹ́wàá ni wọ́n ń ṣe àjọ̀dún sí. Ọmọ á gbé ọgọ́rùn-ún nǹkan wá, ì báà ṣe bọ́tìnnì, ì báà ṣe súìtì, wọ́n á kà á, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí. Ohun tí wọ́n ń fi kọ́ ọ ni pé ẹyọ ni ń di ìdì, ìdì ni ń di ọgọ́rùn-ún. Mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, mo bá a jowú pàápàá, torí nígbà tí mo ń kọ́ ọmọ ní praimárì kìíní, ọlọ́run ló mọ iye ìgbà tí mo kọ «tens and units» sára bọ́ọ̀dù tí wọ́n ń wò mí bí ẹni ń wo sinimá Íńdíà.

Ẹ wá gbọ́ o Màmá, ẹ̀yin lẹ ni ìṣirò yìí ju wọn lọ. Ẹ tú ọgọ́rùn-ún wò, ogún márùn-ún ló wà níbẹ̀. Ogójì, ogún méjì. Ọgọ́ta, ogún mẹ́ta. Ọgọ́rin, ogún mẹ́rin. Àádọ́ta ni alágídí inú wọn, ọgọ́ta tí wọ́n yọ mẹ́wàá nínú ẹ̀ ni, àádọ́rùn-ún náà, ọgọ́rùn-ún tí mẹ́wàá ti jáde. Ọmọ ọdún méje tó bá mọ̀ pé márùn-ún-dín-láàádọ́ta ni ọgọ́ta tí wọ́n yọ mẹ́wàá tí wọ́n tún yọ márùn-ún, ṣé ẹ rò pé ìyọkúrò lè dẹ́rù bà á mọ́? Àwọn baba wa tó ń náwó ẹyọ ò mú bírò dání, ogójì ẹyọ sí okùn kan, àádọ́ta okùn di ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá di ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000, orí ni wọ́n fi ń ṣe gbogbo ẹ̀. Ìyá tèmi tó ń ta ọsàn ní Sábó náà ò mọ lẹ́tà kan, àmọ́ tó bá ti ka ogún á mú ọsàn kan sí ẹ̀gbẹ́, tọ́sàn ẹ̀gbẹ́ bá pé márùn-ún ó mọ̀ pé ọgọ́rùn-ún ti lọ. Mo ti di tíṣà kí n tó mọ̀ pé ìṣirò gidi ni Màámi ń ṣe.

Nítorí náà, ẹ ní kí ìyá ẹ̀ ra ẹ̀wà, kí ọmọ yẹn pín in sí òkìtì márùn-ún, ogún ogún, kí ẹ jọ kà á lórí fídíò, ẹ̀yin ní Ẹ̀pẹ́ òun ní Chicago, ookan, eéjì, ẹẹ́ta, títí tó fi máa pé ogún, kó tó bọ́ sí òkìtì kejì. Kó sọ fún tíṣà ẹ̀ pé báyìí ni ìyá ìyá òun ṣe ń ka ẹja. Oṣù Èrèlé kan náà ni wọ́n tún fi ń sọ ìtàn àwọn adúláwọ̀ ní súkúù wọn, tíṣà ẹ̀ á fọwọ́ méjèèjì gbà á.

Lẹ́tà ìfẹ́ yẹn, káàdì Fálẹ́ńtáìnì ni, ọjọ́ 14. Ìdí tó fi kọ ọ́ fún gbogbo kíláàsì ni pé ọ̀pọ̀ súkúù wọn ló ní òfin pé tóo bá máa mú káàdì wá, ti gbogbo èèyàn ni kóo mú wá, kí ọmọ kankan má baà jókòó lófo. Kò sí ìfẹ́ kankan níbẹ̀, súìtì ló wà níbẹ̀. Ti ẹranko, òótọ́ ni o, ní ọjọ́ 2 oṣù Èrèlé ni, ní ìlú kékeré kan ní Pennsylvania, wọ́n á gbé ẹranko kan tó fẹ́ jọ òkété àmọ́ tó sanra jù ú lọ jáde láàárọ̀, wọ́n ní tó bá rí òjìji ara ẹ̀, òtútù ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Láti 1887 ni wọ́n ti ń ṣe é. Àwàdà ni, kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́ tán. Ká ní Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ti gbé e jáde ni, ẹ mọ̀ pé ata ni ì bá fojú rí, kì í ṣe òjìji.

Ọ̀rọ̀ aago: Chicago fi wákàtí méje wà lẹ́yìn wa nígbà òtútù. Tí ọmọ bá dé láti súkúù ní aago mẹ́rin, aago mọ́kànlá alẹ́ ti lù lọ́dọ̀ yín, ẹ̀yin ti sùn. Sátidé ló dáa jù, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ yín ni aago mẹ́sàn-án àárọ̀ wọn, ó ti jí, ó ń jẹ kọnfúlẹ́èkì. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra o, ní ọjọ́ Àìkú kejì oṣù Ẹrẹ́nà wọ́n máa sún aago wọn síwájú ní wákàtí kan, ó wá ku mẹ́fà láàárín yín, aago mẹ́ta ni kí ẹ máa pè é láti ìgbà yẹn lọ. Kí ọmọ aládùúgbò kọ ọ́ sí ara ògiri fún yín.

*Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Ìbejì ni mo bí, praimárì 3, súkúù aládàáni ni wọ́n wà ní àdúgbò wa. Wọ́n kó lẹ́tà wá pé íntáháòsì ku ọ̀sẹ̀ méjì, kí n san ẹgbẹ̀rún méjìlá náírà fún aṣọ eré ọmọ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n wá fi Táíwò sí Yellow House, wọ́n fi Kẹ́hìndé sí Green House, tó fi jẹ́ pé ti ẹni kìíní ò wúlò fún ìkejì lọ́dún tó ń bọ̀. Kàfíńtà ni mí, iṣẹ́ ò rìn látìgbà ọdún tuntun. Mo fẹ́ kí àwọn méjèèjì jókòó sílé lọ́jọ́ náà, ṣé ó burú? — Bàbá Ìbejì, Ìgbógbó*

Bàbá Ìbejì, ó burú. Ẹ má bínú sí mi.

Mo mọ̀ pé 24,000 kì í ṣe owó kékeré fún aṣọ tí wọ́n máa wọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo sì gbà pé àwọn tó fi ìbejì sí háòsì méjì ò ro ti bàbá wọn. Àmọ́ ọjọ́ íntáháòsì yẹn, inú ọmọ ló wà, kò sí nínú ìwé. Mo ṣì rántí tèmi títí dòní, Red House, mo sá eré ọgọ́rùn-ún mítà pẹ̀lú ẹsẹ̀ òfo, mo ṣe ìkẹta nínú àwa mẹ́rin (ẹni kẹrin ṣubú), wọ́n fún mi ní ike ìmumi kan, ọdún mẹ́wàá ló fi wà nílé wa. Ẹni tó wà nílé lọ́jọ́ yẹn á wá sí súkúù ní Mọ́ńdè, gbogbo ọ̀rẹ́ ẹ̀ á máa sọ ẹni tó ṣubú nínú máàṣì-páàsì, òun ò ní ẹ̀rín tó máa rín.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ṣe, ẹ lọ bá ọ̀gá súkúù, ẹ̀yin fúnra yín, kì í ṣe WhatsApp, kì í ṣe ìyàwó yín ni kẹ́ ẹ rán. Ẹ sọ òótọ́ pé owó ò tíì sí. Ẹ bi wọ́n bóyá tíṣẹ́ẹ̀tì funfun lásán pẹ̀lú aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ ìyeyè àti àwọ̀ ewé tí wọ́n so mọ́ orí máa tó, mo ti rí súkúù tó gbà bẹ́ẹ̀, gbogbo ọmọ sì rẹwà. Tàbí kí wọ́n jẹ́ kí ẹ san án díẹ̀díẹ̀. Kàfíńtà kẹ̀? Súkúù wo ni bẹ́ǹṣì ẹ̀ kì í dá! Ẹ sọ fún wọn pé ẹ lè tún bẹ́ǹṣì mélòó kan ṣe. Tí wọ́n bá kọ gbogbo ẹ̀, ẹ kó àwọn ọmọ lọ bẹ́ẹ̀ náà, kí wọ́n jókòó lábẹ́ kánópì, kí wọ́n pariwo fún háòsì wọn.

Ẹ̀yin òbí yòókù tó ń kà á, ẹ jọ̀ọ́, ìpàdé PTA ti táàmù kìíní ni ibi tí wọ́n ti ń ja ìjà yìí, nígbà tí télọ̀ ò tíì ra aṣọ. Ẹ kì í wá, ẹ ó ní iṣẹ́ wà, lẹ́tà owó á wá bá yín nílé nínú Èrèlé.

Fún àwọn tó bi mí nípa súkúù ìjọba, ìyẹn yàtọ̀. Òfin UBE ti 2004, ìyẹn òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, ti sọ ọ́ pé ọ̀fẹ́ ni praimárì, dandan sì ni, wọn ò gbọdọ̀ lé ọmọ padà sílé nítorí owó eré. Kì í ṣe òní la ti ń jẹ èso yẹn náà o. Ní ọjọ́ 17 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1955 ni ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ praimárì ọ̀fẹ́ ní Western Region, Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́ àti Àgbádárìgì sì wà lábẹ́ Western Region nígbà yẹn, 1967 ni wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ tí a bọ́ síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà lára àwọn tó wọ súkúù nígbà náà, wọ́n ní kó fi ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá kó fi kan etí òsì, ọwọ́ ẹ̀ ò débẹ̀, ó fa etí wálẹ̀ títí ó fi kàn án. Ó ṣì ń sọ ìtàn yẹn tó bá ti mu màlítà.

*Ẹ káàárọ̀ mà. Ọmọ mi obìnrin, ọdún méje, praimárì 2, ó ń wúkọ́ látìgbà tí wọ́n ti wọlé, ètè ẹ̀ bó. Tíṣà ẹ̀ tún ní gbogbo ìgbà ló ń sùn ní kíláàsì, ó pè é ní olódo lójú mi. Òdogunyàn là ń gbé, ẹ̀gbẹ́ Kétu ni súkúù ẹ̀ wà torí ibẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, aago mẹ́rin ààbọ̀ la máa ń jí kí gòsìlóò Mile 12 má baà ká wa mọ́. Lẹ́sìnnì ń parí ní aago márùn-ún, a máa ń délé ní bí aago mẹ́jọ. Ṣé kí n wá oògùn ọpọlọ fún un? — Ìyá Mọ́rẹ́nikẹ́*

Ìyá Mọ́rẹ́nikẹ́, ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò. Ẹ délé ní mẹ́jọ, ẹ jẹun, ẹ wẹ̀, ó ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, ó di aago mẹ́wàá kó tó sùn. Ẹ jí i ní mẹ́rin ààbọ̀. Wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ nìyẹn. Ọmọ ọdún mẹ́fà sí méjìlá, wákàtí mẹ́sàn-án sí méjìlá ni àwọn dókítà oorun ní kó máa sùn lójúmọ́. Ọmọ yín ò ya olódo, gbèsè oorun ló wà lọ́rùn ẹ̀, kíláàsì ló ti ń san án. Kò sí oògùn ọpọlọ kankan tó lè san gbèsè yẹn, ẹ má ra nǹkankan lọ́wọ́ àwọn tó ń polówó nínú bọ́ọ̀sì.

Mi ò ní sọ pé kí ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀. Àmọ́ ẹ yọ lẹ́sìnnì yẹn kúrò, ó kéré tán títí táàmù á fi parí, kí ẹnì kan jẹ́ kó sùn fún wákàtí kan níbi iṣẹ́ yín lọ́sàn-án, kódà orí ẹní lẹ́yìn kàǹtà. Kó jẹun alẹ́ kí ẹ tó wọ bọ́ọ̀sì, kó lè jẹ́ pé bẹ́ẹ̀dì ló máa bá nílé. Tó bá di ọdún tuntun, ẹ wá súkúù sí ìtòsí ilé. Súkúù tó dáa tí ọmọ ń sùn nínú ẹ̀, àti súkúù tó mọ níwọ̀n tí ojú ọmọ là nínú ẹ̀, èyí ìkejì ni màá mú.

Ní ti ikọ́, ó lè jẹ́ eruku ọyẹ́ ló ń dà á láàmú bó ṣe ń da gbogbo wa. Òrí ni kí ẹ fi pa ètè àti imú ẹ̀, vaselínì náà dáa. Omi nínú ike, kó máa mu ún kí òùngbẹ tó gbẹ ẹ́. Ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbígbẹ gbá yàrá tó wà nínú ẹ̀, ẹ wọ́n omi sílẹ̀ ná, ẹ sì má tan kọ́ìlì ẹ̀fọn sínú yàrá tí wọ́n ti fèrèsé ẹ̀ pa. Ẹ tún bi tíṣà pé ta ló ń gbá kíláàsì láàárọ̀, torí ní ọ̀pọ̀ súkúù wa àwọn ọmọ náà ni, wọ́n á gbá a ní gbígbẹ, eruku á bo wọn bí ìyẹ̀fun, wọ́n á wá jókòó mí i símú títí di aago méjì. Igbá omi kan ló máa yanjú ẹ̀. Àmọ́ ikọ́ tó ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, bíi ti Mọ́rẹ́nikẹ́ yìí, tàbí tí àyà ẹ̀ bá ń hun, ẹ gbé e lọ sí hẹ́líìsì sẹ́ńtà. Tí ara ọmọ bá gbóná janjan, tí orí ń fọ́ ọ, tí ọrùn ẹ̀ gan tí kò lè tẹ orí ba, ẹ má dúró dàárọ̀, ẹ gbé e lọ lálẹ́ yẹn, torí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn báyìí ni àrùn yíyí ọrùn máa ń jà.

Tíṣà tó pe ọmọ ní olódo lójú ìyá ẹ̀, mi ò ní sọ̀rọ̀. Mo ti sọ ọ́ lọ́kàn mi.

*Ọmọ mi ọdún mẹ́jọ ní òun fẹ́ gba àwẹ̀ Ràmàdánì bí àwọn ọ̀rẹ́ òun. Súkúù ń lọ lọ́wọ́, oòrùn ń mú. Mi ò mọ bóyá kí n jẹ́ kó gbà á. — Ìyá Rọ̀fíátù, Ẹ̀pẹ́*

Àwẹ̀ ò tíì di dandan fún un títí tó fi máa bàlágà, àlùfáà yín á sọ bẹ́ẹ̀ fún yín. Ẹ jẹ́ kó jí jẹ sàárì pẹ̀lú yín, inú ẹ̀ á dùn, kó gbà á dé Àyìlà (ìrun ọ̀sán) ní Sátidé àti Sọ́ńdè, kó jókòó síbi ìṣínu pẹ̀lú àgbà. Lọ́jọ́ súkúù kó jẹun, kó mumi. Ẹ sọ fún tíṣà ẹ̀ náà, torí àwọn ọmọ máa ń fi oúnjẹ pamọ́ sínú báàgì kí wọ́n lè sọ pé àwọn gbà á. Èmi ti ká ẹ̀wà àgànyìn mọ́ inú báàgì ìwé rí, ọjọ́ karùn-ún ẹ̀ ló jẹ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ n sọ òórùn ẹ̀.

*Mà, súkúù ọmọ mi ní Àgbádárìgì ń gba àádọ́ta náírà lọ́wọ́ ọmọ tó bá sọ Yorùbá tàbí Ègùn. Tó bá ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta wọ́n á gbé páálí kọ́ ọ lọ́rùn. Ọmọ mi ti dákẹ́ báyìí, kódà nílé. Ọkọ mi ní ó dáa bẹ́ẹ̀, pé Gẹ̀ẹ́sì ni owó. Kí lẹ rí sí i? — Ìyá Táyọ̀*

Ìyá Táyọ̀, lẹ́tà yín ni mo kà lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Èmi náà ti na ọmọ nítorí Yorùbá rí. Mo ní pátákó tèmi, mo ní mọ́nítọ̀ tó ń kọ orúkọ. Iṣẹ́ ni mo rò pé mò ń ṣe.

Ohun tó yí mi lọ́kàn padà, inú táàmù kejì bí irú èyí ló ti ṣẹlẹ̀, ọyẹ́ ń fẹ́. Mò ń kọ́ praimárì 4 ní «evaporation». Mo bi ọmọkùnrin kan pé kí ni ìtumọ̀ ẹ̀. Ó dìde, ó dákẹ́, ó wo ilẹ̀. Mo ní kó na ọwọ́. Kí n tó nà án, Yorùbá yọ lẹ́nu mi, mo ní ó dáa, níbo ni omi inú aṣọ tí màmá ẹ sá lórí okùn máa ń lọ? Ojú ẹ̀ là wàì. Ó ní, «Atẹ́gùn ló ń gbé e lọ mà, ìyẹn ni aṣọ ṣe ń yára gbẹ nígbà ọyẹ́ ju ìgbà òjò lọ, torí atẹ́gùn ìgbà òjò ti mumi yó.» Atẹ́gùn ti mumi yó! Ọmọ yìí mọ̀ ju ohun tó wà nínú ìwé mi lọ, èmi ni mo fi èdè tì í mọ́ ìta. Mo jókòó. Mi ò na ẹnikẹ́ni mọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ sọ fún Bàbá Táyọ̀ pé wọ́n ti dán ọ̀rọ̀ yìí wò rí, kì í ṣe ìmọ̀lára. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ mú àwọn ọmọ praimárì kan, wọ́n fi Yorùbá kọ́ wọn ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, gbogbo ẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì wá dá dúró bí iṣẹ́ kan tí wọ́n ń kọ́. Àwọn ọmọ kejì wọn ń lọ bí a ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀, tí Gẹ̀ẹ́sì máa ń gba ipò ní praimárì 4. Nígbà tí wọ́n ṣèdánwò, àwọn ọmọ Yorùbá yẹn ló ṣe dáadáa jù, tí Gẹ̀ẹ́sì gan-an wà nínú ẹ̀. Ẹni tó mọ ilé ẹ̀ dáadáa ni kì í sọnù lóde.

Òfin náà wà. Ní 2018 ni Ìpínlẹ̀ Èkó sọ kíkọ́ Yorùbá di dandan nínú gbogbo súkúù, ti ìjọba àti ti aládàáni. Ní ti ìjọba àpapọ̀, 2022 ni wọ́n fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní praimárì, nígbà tó di oṣù kọkànlá 2025 wọ́n fagi lé e, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí gbogbo ẹ̀ padà sí. Ó dùn mí. Àmọ́ kódà pẹ̀lú ìyẹn, kò sẹ́ni tó ní kí súkúù gba àádọ́ta náírà lọ́wọ́ ọmọ tàbí kí wọ́n gbé páálí kọ́ ọ lọ́rùn. Ìyẹn, súkúù ló dá a sílẹ̀ fúnra ẹ̀.

Ní Àgbádárìgì tún ni! Ìlú tí àwọn Mẹ́tọ́díìsì ti bẹ̀rẹ̀ súkúù àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ yìí ní 1843. Ọdún 1843 náà ni ìwé àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Àjàyí Crowther kó jọ jáde ní London, nígbà tó sì máa di 1845 òun alára ti gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Àwọn ọmọ yín máa ń lọ wo pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tó wà níbẹ̀ yẹn lórí ẹskọ́ṣọ̀n, wọ́n á ní kí wọ́n ya fọ́tò pẹ̀lú Bíbélì Yorùbá tó wà níbẹ̀, wọ́n á wá padà sí kíláàsì lọ san owó ìtanràn lórí èdè inú ẹ̀. Mi ò lè ṣàlàyé yẹn fún ẹnikẹ́ni.

Kí ẹ ṣe báyìí. Ẹ má lọ bá tíṣà jà, àṣẹ ló ń tẹ̀ lé bí èmi náà ṣe tẹ̀ lé e. Ẹ wá òbí mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí àwọn tó ń sọ Ègùn wà níbẹ̀, ẹ kọ lẹ́tà, ẹ buwọ́ lù ú pọ̀. Ẹ béèrè ohun kékeré: kí wọ́n yọ páálí àti owó kúrò, kí wọ́n sì fi ọjọ́ kan sílẹ̀ fún èdè ilé. Ọjọ́ 21 oṣù Èrèlé ni àyájọ́ èdè abínibí lágbàáyé, UNESCO ló kéde ẹ̀ ní 1999, nítorí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n yìnbọn pa ní Dhaka, ní Bangladesh òde òní, ní 1952 torí pé wọ́n ní kí ìjọba sọ èdè Bẹ̀ǹgálì táwọn ń sọ di èdè ìjọba. Ọ̀gá súkúù tó bá fẹ́ràn fọ́tò Facebook á gbà á kíá, wọ́n á wọ aṣọ òkè, wọ́n á jó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jó ná.

Nílé, ẹ má fipá mú Táyọ̀ sọ̀rọ̀. Tó bá dé, ẹ má bi í pé kí lo kọ́. Ẹ fún un ní ẹ̀gúsí kó máa bó, kí ẹ̀yin náà máa bó, kí ẹ máa sọ ìjàpá fún un ní ìdajì, kí ẹ wá ṣe bí ẹni pé ẹ gbàgbé ìparí ẹ̀. Á bá yín parí ẹ̀.

*Ìyá Tíṣà, orúkọ mi ni Fárúùkù, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, praimárì 4, Ìkòròdú. Tíṣà wa ní láti Sàhárà ni ọyẹ́ ti ń wá. Báwo ló ṣe ń rìn dé ọ̀dọ̀ wa, ṣé kì í rẹ̀ ẹ́?*

Fárúùkù ọmọ dáadáa, ìwọ lo ni ìbéèrè tó dáa jù lóṣù yìí. Kì í rẹ̀ ẹ́ o, Chad ni púpọ̀ nínú eruku yẹn ti ń gbéra, ibì kan tí wọ́n ń pè ní Bodélé. Òkè gíga méjì wà níbẹ̀, atẹ́gùn á gba àárín wọn kọjá tagbáratagbára bí ìgbà tóo bá fẹnu fọn inú strọ́ọ̀, á sì gbá eruku ilẹ̀ dání. Láyé àtijọ́, adágún omi ńlá kan ló wà níbẹ̀, omi ẹ̀ gbẹ, àwọn ohun ẹlẹ́mìí tíntìntín tó ń gbé inú omi náà kú sí ìsàlẹ̀ ẹ̀, wọ́n di lẹ́búlẹ́bú funfun. Nítorí náà, eruku tó wà lórí dẹ́sìkì ẹ yẹn, ìsàlẹ̀ adágún omi ló ti wá. Ó rìn ju ẹgbẹ̀rún kìlómítà lọ kó tó dé Ìkòròdú, òmíràn ò sì dúró lọ́dọ̀ wa, á gba orí òkun kọjá dé Brazil, á bọ́ sínú igbó Amazon, àwọn igi ibẹ̀ á jẹ ẹ́ bí ajílẹ̀.

Láàárọ̀ ọ̀la, kí wọ́n tó fọ mọ́tò dádì ẹ, fi ìka kọ orúkọ ẹ sí ẹ̀yìn gíláàsì ẹ̀, kí o wo ohun tó lẹ̀ mọ́ ìka ẹ. Tí dádì bá bínú, má sọ pé èmi ni mo rán ẹ.